Live Láti Abuja Lórí SIM: Ohun Tí Iṣẹ́ Ìnáwó Ti Fi Yé Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Abuja ni pé mò ń gbé ìnáwó àwọn ọmọ Yorùbá sórí ayélujára bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ìgbéyàwó ni, ìsọmọlórúkọ ni, ìsìnkú àgbà ni, ìsìn ìdúpẹ́ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹbí kì í gbé ojú kan náà. Ọmọ wà ní Gwarinpa, ìyá wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ̀gbọ́n wà ní Houston, àbúrò wà ní Manchester, ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sì ti ń ba ọ̀pọ̀ àgbà lẹ́rù débi pé wọn kò fẹ́ rìn ín mọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń bá wa jókòó. Bí fóònù yẹn bá wá ń yí róbótó lásìkò tí bàbá ìyàwó ń súre fún ọmọ rẹ̀, kò sóhun tí èèyàn lè fi dí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá máa gba àdúrà yẹn.

Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí a ń lò ni kò ní fáíbà, ìyẹn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, SIM la sì fi ń ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ yìí ti fi yé mi jù ni pé ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá burú jù lọ lọ́jọ́ náà ni kí èèyàn fi díwọ̀n fídíò rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìgbà tó dára jù díwọ̀n, ojú á tì í níwájú ẹbí. Gbogbo nǹkan yòókù tí mo fẹ́ sọ, inú èyí ni wọ́n ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí àwọn igi kéékèèké tó ń hàn lókè fóònù. Bí wọ́n bá ti kún, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà, ẹ bẹ̀rẹ̀." Ohun tí igi yẹn ń fi hàn ni bí fóònù ṣe ń gbọ́ máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sí. Kò sọ bóyá máàsì ń gbọ́ fóònù. Ọ̀pọ̀ wáàtì ni máàsì fi ń sọ̀rọ̀. Agbára tí fóònù fi ń dá a lóhùn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wáàtì lọ. Ẹni tó ń wo fídíò, download ló ń lò. Àwa tí à ń gbé e jáde, upload la gbójú lé, ọ̀nà yẹn ló sì máa ń há jù. Ìdí nìyẹn tí fídíò YouTube fi lè máa ṣàn dáadáa lórí fóònù kan, kí live láti orí fóònù kan náà máa já.

Gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ tún ń dá kún un. Páànù òrùlé àti ògiri kọnkéré kì í jẹ́ kí ohùn fóònù jáde. Òkè àti àpáta Abuja náà ń ṣe tiwọn: ibi tó bá wà lẹ́yìn òkè, bí àwọn ibì kan ní apá Katampe àti Mpape, máàsì lè wà nítòsí kí òkè sì dí i lójú. Mi ò kì í gbé MiFi, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba SIM tó sì ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, sórí tábìlì tí mo ń lò. Màá so ó mọ́ orí òpó tripod, màá gbé e sídìí fèrèsé tàbí sí bálíkónì, màá wá fa wáyà gígùn wọlé sídìí láptọ́ọ̀pù. Mo ti rí i níbi tí upload kò tó 1 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nídìí àga ọkọ àti ìyàwó, tó sì lé ní 4 Mbps nídìí fèrèsé inú gbọ̀ngàn kan náà.

Ọ̀rọ̀ èrò ló kàn. Gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò ló ń pín máàsì lò. Bí mo bá lọ wo gbọ̀ngàn kan ní Garki lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé, tí upload rẹ̀ wọ 12 Mbps, inú mi kì í tíì dùn. Lọ́jọ́ Sátidé, àlejò á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, fóònù á sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí MC bá ti ní kí gbogbo wa dìde, pé ọkọ àti ìyàwó ń wọlé bọ̀, fóònù á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, fídíò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí WhatsApp status àti Instagram. Ó dà bí ẹ̀rọ omi àdúgbò tí gbogbo ilé ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn gan-an sì ni àwọn tó wà lókèèrè ti ń dúró dè láti àárọ̀.

Sátidé tó ṣáájú ni mo máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò, láàárín aago kan sí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ìnáwó ẹlòmíì ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Mi ò gbára lé àwọn app tó ń díwọ̀n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Fídíò gidi ni mo máa ń rán sókè fún odindi wákàtí kan, lórí lílíǹkì tí ẹlòmíì kò lè rí, màá wá wo ibi tó wálẹ̀ jù. Bí ibi tó wálẹ̀ jù bá jẹ́ 3 Mbps, 1.5 Mbps ni mo máa gbé bitrate mi, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí. Ìdajì yòókù wà fún ohun tí mi ò tíì rí.

Ẹni tó bá gbọ́ 1.5 Mbps máa rò pé àwòrán á burú. Kò burú, bí èèyàn bá mọ ohun tó ń fi bitrate náà rà. Bí a bá ní ká fi 1.5 Mbps gbé 1080p, ìyẹn àwòrán tó ní ìlà 1080 láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ojú àwòrán á fọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké bí ẹnikẹ́ni bá ti mira. Bí a bá fi gbé 480p, ó máa mọ́ kedere lójú fóònù, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó.

Níbi àwòrán ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù. H.264, ọ̀nà ìdín-fídíò-kù tó jáde ní 2003, ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fóònù tí kò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń dín fídíò kù ni pé yóò fi odindi àwòrán kan ránṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn, kìkì ohun tó bá yí padà ni yóò máa fi ránṣẹ́ títí di odindi mìíràn. Ẹni tó jókòó ka ìròyìn níwájú ògiri funfun kò ná an ní nǹkan kan. Ẹ wá wo ìnáwó wa. Ìyá ìyàwó bọ́ sí agbo ijó pẹ̀lú léèsì tó ń dán wìnnìwìnnì láti èjìká dé ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yí i ká nínú aṣọ ẹbí, gèlè ń mì, wọ́n ń ná an lówó, náírà ń já bọ́ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn wọn, iná ńlá ojú LED ń yí àwọ̀ padà. Ẹnì kan tún tú èéfín funfun sílẹ̀. Kò sí ìwọ̀n ìka kan nínú àwòrán yẹn tí kò yí padà. Bitrate tí mo fún un kò ní tó o mọ́, àwòrán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí igun mẹ́rin kéékèèké.

Kámẹ́rà tó dúró sójú kan lórí tripod ni oògùn àkọ́kọ́. Bí kámẹ́rà bá ń mì, ògiri náà ti ń yí padà nìyẹn lójú encoder, ìyẹn ohun tó ń dín fídíò kù, bẹ́ẹ̀ ògiri kò kúrò níbi tó wà. Èkejì, bí ijó bá ti le, ọ̀nà jíjìn ni kámẹ́rà á ti máa wò ó, kí òrùlé àti ilẹ̀ tí kò mira lè gba apá kan nínú àwòrán. Mọ́mì ìyàwó kan pè mí sí kọ̀rọ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ rí i pé léèsì mi hàn o. Àwọn ará London ń wò mí." Mo ní, "Mọ́mì, ó máa hàn. Bí ẹ bá jókòó, a máa sún mọ́ yín dáadáa. Bí ẹ bá ti bọ́ ságbo, ọ̀ọ́kán la ó ti máa wò yín, kí wọ́n lè rí gbogbo ijó náà." Wọ́n gbà. Àwọn tó wà lókèèrè rí léèsì, wọ́n sì rí ijó.

Ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn náà ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi orúkọ ọkọ àti ìyàwó sójú LED kó dúró jẹ́ẹ́, kí àwọn òdòdó tó ń yí pòòyì má wà níbẹ̀. Mo tún máa ń bẹ̀bẹ̀ fún iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, torí bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, kámẹ́rà á da àwọn èérún kéékèèké sójú àwòrán, encoder á sì máa fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé èérún. Frame, ìyẹn ẹyọ àwòrán, 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo ń lò. Iná mànàmáná wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ìgbà 50 ló ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 25 bá a mu, iná gbọ̀ngàn kì í sì ṣẹ́jú nínú fídíò. Ìlọ́po méjì frame yẹn kò ní ohun tó ń fún ẹni tó ń wo àdúrà ìyàwó. Keyframe, ìyẹn odindi àwòrán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. YouTube àti Facebook fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ohùn ni mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lé lórí. Bí àwòrán bá dúró fún ìgbà díẹ̀ tí ohùn ń lọ, àwọn èèyàn á dúró. Bí ohùn bá já, wọ́n á pa á, wọ́n á sì máa pe ọmọ wọn tó wà nínú gbọ̀ngàn. 96 kbps (kbps 1,000 ló wà nínú Mbps kan) ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún ohùn, ní mono, ìyẹn ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo, nínú 1.5 Mbps, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fún wa lọ́rùn, àwòrán ni mo máa gé, ohùn kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo máa ń gba ohùn láti ara mixer, ẹ̀rọ tí àwọn maikiróó gbọ̀ngàn so mọ́, ṣùgbọ́n mixer nìkan kò tó. Àwọn onílù máa ń rìn káàkiri láàárín àlejò, gángan wọn kò ní maikiróó, ẹni tó bá gba ohùn mixer nìkan kò ní gbọ́ oríkì tí wọ́n ń fi ìlù kì fún bàbá. Maikiróó kan gbọ́dọ̀ wà fún inú gbọ̀ngàn. Ohun tó sì ń pa ariwo nínú app, pípa ni kí ẹ pa á. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gángan àti jẹnẹrétọ̀. Ó máa gbé méjèèjì mì.

Bí fídíò ṣe ń rìnrìn àjò náà kan ọ̀rọ̀ yìí. RTMP ni ọ̀nà ìfi-fídíò-ránṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, orí TCP ló ń rìn, ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tó ń rí i pé gbogbo nǹkan dé létòlétò. Bí pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ègé dátà kékeré kan, bá sọnù lójú ọ̀nà, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tò dúró títí wọn ó fi tún èyí tó sọnù rán. Lórí wáyà, èyí kò le. Lórí SIM, níbi tí nǹkan ti ń sọnù ṣáá, ìlà náà á máa gùn sí i. SRT, ọ̀nà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ Haivision ṣe, tí wọ́n sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2017, orí UDP, ìlànà tí kì í dúró de ohun tó sọnù, ló ń gbà lọ. Èyí tó sọnù nìkan ló ń tún rán, bí àsìkò rẹ̀ bá sì ti kọjá, á fi í sílẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ. Èèyàn ló máa sọ iye àsìkò tó fẹ́ fún un. Bí lílọ àti àbọ̀ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba fídíò, bá jẹ́ 200 milliseconds (1,000 rẹ̀ ló jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan), ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, 800, ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Facebook ń béèrè RTMPS, ìyẹn RTMP tí a fi ààbò kún, nítorí náà mo gba sáfà kékeré kan tó ń gba SRT lọ́wọ́ mi, tó sì ń fi RTMPS bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò tún fídíò ṣe, ó kàn ń gbà á, ó ń gbé e lọ ni, ìdí nìyẹn tí èyí tó kéré fi tó.

Sáfà yẹn tún tú mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣòro mìíràn. Ẹbí kan lè ní àwọn fẹ́ ẹ lórí Facebook, lórí YouTube, àti lórí ìkànnì mìíràn. Bí mo bá rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú gbọ̀ngàn, mo ti sọ 1.5 Mbps di 4.5 Mbps. Ẹyọ kan ni kó kúrò lọ́wọ́ wa. Sáfà tó wà lórí wáyà gidi ni kó pín in. Bákan náà ni ti oríṣiríṣi ìwọ̀n: YouTube àti Facebook ló ń sọ ẹyọ kan yẹn di 360p, 240p àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á gé e sí ègé tí kò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ, bí HLS, ọ̀nà tí Apple gbé jáde, ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2009, fóònù ẹni tó ń wò á sì máa mú èyí tí apá rẹ̀ ká, ègé kan tẹ̀lé òmíràn.

SIM ju ẹyọ kan lọ ni mò ń lò, pẹ̀lú app tó ń so wọ́n pọ̀ di ọ̀nà kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. SIM méjì láti ilé-iṣẹ́ kan náà, ọ̀dọ̀ máàsì kan náà ni wọ́n ń lọ, èrò kan náà ló máa dí wọn. Ilé-iṣẹ́ tó yàtọ̀ pàápàá lè jọ wà lórí òpó kan ṣoṣo. Bí iná òpó yẹn bá kú, wọ́n á lọ pọ̀. Ìgbà tí mo bá ń ṣe àyẹ̀wò ni mo máa ń wo ìyẹn.

Mo tún máa ń bi ẹbí bóyá ẹnì kan wà lókèèrè tó máa sọ̀rọ̀. Live tí a ṣe fún SIM máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ́ sẹ́yìn, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú, ìpẹ́ yẹn ló sì ń gbà wá, torí fóònù ti kó ègé díẹ̀ pa mọ́ kí ọ̀nà tó dí. Mi ò kì í dín in kù nítorí kí ó lè yá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó bá fẹ́ gbàdúrà láti Toronto, ìpè fóònù lásán la máa fi ṣe é, a ó so ìpè náà mọ́ mixer, màá sì ti sọ fún wọn ṣáájú pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ti pè yín, ẹ pa ohùn fídíò yẹn sílẹ̀ pátápátá." Bí wọn kò bá pa á, wọ́n á gbọ́ ohùn ara wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n á sì dúró láàárín àdúrà.

Ẹni tó ń wò náà ń sanwó, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí. Fídíò 1 Mbps fún wákàtí kan máa jẹ 450 MB. Ìnáwó wákàtí márùn-ún ní 2.5 Mbps máa lé ní 5.5 GB lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, dátà kì í ṣe nǹkan tí ìyá àgbà kan ní Ìlá máa fi ṣeré. Nítorí náà, bí mo bá ń fi lílíǹkì sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí, mo máa ń fi voice note ní Yorùbá tẹ̀lé e: ibi tí wọ́n á ti tẹ 360p, àti pé ní ìwọ̀n 600 kbps, wákàtí kan kò ju 270 MB lọ. Mo tún máa ń kọ aago tí nǹkan kọ̀ọ̀kan máa wáyé. Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré lè wọlé nígbà ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ, kó jáde, kó tún wọlé nígbà ìsúre. Àwọn ìyá kan ti pè mí lẹ́yìn ìnáwó láti dúpẹ́ nítorí voice note yẹn ju fídíò fúnra rẹ̀ lọ.

Ooru Abuja ní March àti April kò ṣeé fojú kéré. Fóònù tó ń gba iná, tó tún ń rán fídíò nínú oòrùn, á gbóná, á sì dín agbára ara rẹ̀ kù. Ẹ fi í síbòòji, ẹ kọ fáànù sí i.

Ẹ máa gba fídíò náà sílẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú, ní ìwọ̀n tó ga, nígbà tí èyí tó kéré ń lọ sókè. Ní 14 March 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣòro káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà lára wọn, kò sí bitrate tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó wà lórí díìsìkì nìkan ló dájú nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mò ń dán wò báyìí ni AV1, ọ̀nà ìdín-fídíò-kù mìíràn tó jáde ní 2018, tí àwọn tó ṣe é kì í sì í gba owó lórí rẹ̀. YouTube ti ń gbà á fún live, OBS, app tí mo fi ń gbé live jáde, náà sì lè rán an. Ní bitrate kan náà, àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti H.264 lọ dáadáa, pàápàá lórí léèsì. Ó nílò láptọ́ọ̀pù tí káàdì àwòrán rẹ̀ mọ̀ ọ́n, tèmi tí mò ń lò nínú gbọ̀ngàn kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ilé ni mo ti ń lò ó lórí ẹ̀rọ tí mo yá, pẹ̀lú fídíò ijó àwọn ìnáwó tó ti kọjá. Ní 1 Mbps, mo lè ka òǹkà tó wà lára náírà tó ń já bọ́.